Aago Inú Àpò Jákẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì,

Mo kí yín, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ìbejì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan má baà sunkún pé ìkejì nìkan ni mo kí. Ara mi le koko, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ mi. Ìrètí mi ni pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín nígbà ìgbéyàwó wa ti sàn, àti pé àwọn aboyún ilé ìwòsàn yín ti ń jẹ́ kí ẹ fìdí kan àga díẹ̀. Ní tèmi, inú mi dùn débi pé bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, orin ni mo máa ń kọ. Oṣù mẹ́ta péré ni mo lò nílé ọkọ, mo sì ti tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ mẹ́ta nítorí pé mo ń sanra. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Lẹ́tà yín dé lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ní nọ́ọ̀sì kan mú ìwé ìròyìn wá síbi iṣẹ́, ẹ sì rí ọkọ mi nínú rẹ̀ tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n kọ "Apànìyàn" gàdàgbà sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Ẹ ní kí n di ẹrù mi, kí n máa bọ̀ nílé, kí n má tilẹ̀ wẹ̀yìn. Mo rẹ́rìn-ín títí Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi kan ògiri, ó ní, "Ìyàwó, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí o, ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ bá mi kọ ọkọ mi. Ẹ fọkàn balẹ̀, eré ni. Fíìmù ni wọ́n ń ṣe, tí wọn yóò máa fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọkọ mi ló sì ń ṣe apànìyàn inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, n kò lè purọ́ fún yín. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹrù mi kí lẹ́tà yín tó dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ sì tún ní kí n máa bọ̀, a jẹ́ pé mo ń bọ̀.

Ẹ ó rántí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Atúnaagoṣe ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan níbi tó ti ń tún aago ṣe. Obìnrin mẹ́ta wọ ibẹ̀, wọn kò sì jáde láàyè. Ó ń ṣẹ̀wọ̀n títí di òní. Ohun tó ya àwọn aládùúgbò lẹ́nu nígbà náà ni pé ọkùnrin náà tutù bí omi àmù, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀ ní gbogbo òpópónà yẹn. Ìtàn rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù yìí.

Nígbà tí wọ́n mú ọkọ mi láti ṣe ọkùnrin náà, a jó yí tábìlì ká. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi í ṣe nínú eré. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, mo sì rò pé ìyẹn ni wọ́n rí tí wọ́n fi mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíá. Ó lọ kọ́ títún aago ṣe lọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan. Yóò ki awò kékeré bọ ojú kan, yóò mú ẹ̀mú tín-ín-rín dání, yóò sì tẹrí ba sórí tábìlì tí a ti ń jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀rín ọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rín yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ẹnu ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í gòkè dé ojú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé tíì fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín yẹn. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì jẹ́ kí tíì náà tutù síbẹ̀.

Èmi nìkan kọ́ ni ara mi bù máṣọ. Tẹ́lẹ̀, Ìyá Oníbúrẹ́dì máa ń ní kí ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú búrẹ́dì tó bá wù ú. Nígbà tí àwòrán yẹn jáde, òun ló wá ń bá a mú un, yóò sì na ọwọ́ gbọọrọ bí ẹni tó ń fún ajá olóde lóúnjẹ. Ọkọ mi ní, "Màmá, eré mà ni." Ó ní, "Mo mọ̀ pé eré ni, ọmọ mi. Búrẹ́dì mi ni kò mọ̀."

Ẹ mọ̀ pé yàrá aṣọ ní ilé iṣẹ́ fíìmù kan náà lèmi ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi níbẹ̀ ni Àǹtí Bọ́tìnnì. Orúkọ yẹn mọ́ ọn lára nítorí pé bọ́tìnnì kì í tán lẹ́nu rẹ̀ bó bá ń ránṣọ. Òfin méjì ló fún mi lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Èkíní ni pé aṣọ eré kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Èkejì ni pé n kò gbọdọ̀ fún òṣèré ní aṣọ tí àpò rẹ̀ ṣófo. Ó ní, "Ọwọ́ tí kò rí nǹkan kan nínú àpò, ojú á fi hàn pé irọ́ ló ń pa." Nítorí náà, ohun tí ẹni inú eré náà ìbá ní lápò la máa ń fi sí i, bí kámẹ́rà kò tilẹ̀ ní í rí i láéláé, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kan kí ó má baà dàrú láti ọjọ́ kan sí òmíràn. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú tí Atúnaagoṣe ń wọ̀, èmi ni mo rán an. Nǹkan mẹ́ta ni mo fi sí àpò rẹ̀: àkísà pẹlẹbẹ kan, ìdérí ìgò òróró kékeré, àti súìtì míǹtì méjì. Mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo mú jákẹ́ẹ̀tì náà láti fọ eruku ara rẹ̀, mo rí i pé ó ń rùn káńfọ̀. Kò sí káńfọ̀ nínú yàrá wa, nítorí pé ó máa ń mú Àǹtí Bọ́tìnnì sín. Mo gbọn ọ́n, mo sì gbé e kọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, òórùn káńfọ̀ tún ń bẹ níbẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ àpò láti wo àwọn nǹkan mi. Mo bá àkísà, mo bá ìdérí ìgò, mo bá súìtì méjèèjì. Ọwọ́ mi wá kan ohun kẹrin.

Aago ọwọ́ obìnrin ni. Ó kéré, okùn rẹ̀ jẹ́ awọ aláwọ̀ ewé, kò sì ṣiṣẹ́. Mo yí i padà. Ẹnìkan ti fi abẹ́rẹ́ fín ìràwọ̀ kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo dá a mọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé mo ti ka nípa aago yìí nínú ìwé eré. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Atúnaagoṣe gba aago ọwọ́ àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọlọ́pàá rí méjì, wọn kò sì rí ìkẹta di òní. Ti obìnrin ìkẹta ni, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, aago kékeré olókùn aláwọ̀ ewé, ìràwọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo sáré lọ bá ẹni tó ń tọ́jú ohun èlò eré, mo ní bóyá tirẹ̀ ni. Ó ní èyí tí àwọn yóò lò kò tíì dé. Mo padà wá sí yàrá aṣọ, mo fi aago náà síbi tí mo ti bá a, mo sì dá jákẹ́ẹ̀tì padà sórí ìkọ́.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sẹ́yìn. Kí a tó fẹ́ra ni ọkọ mi ti sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọ ogún ọdún, òpópónà kejì sí ṣọ́ọ̀bù Atúnaagoṣe lòun ń gbé, pé òun ti gbé aago bàbá òun lọ síbẹ̀ rí. Nígbà náà, ìtàn lásán ni mo gbà á sí. Ní báyìí mo wá ń bi ara mi: ta ní lè ní aago tí gbogbo ọlọ́pàá wá tì? Bóyá ọkùnrin kan péré kọ́ ló ṣe iṣẹ́ ibi yẹn. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín náà fi tètè mọ́ ọn lẹ́nu. Mo rántí ohun tí ẹ sọ fún mi kí n tó lọ sílé ọkọ, pé kí n wo ọwọ́ ọkùnrin kí n tó wo ojú rẹ̀. Nígbà tí a ń jẹun, mo wo ọwọ́ ọkọ mi. Ó mọ́ ju bó ṣe máa ń mọ́ lọ.

Mo ti ń rí i pé kì í sí níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, òórùn káńfọ̀ sì ń dé ní Ẹtì. Mo rọra bi í léèrè, mo ní, "Níbo lo máa ń lọ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀?" Ó ní, "Ọ̀dọ̀ bàbá tó ń kọ́ mi ní aago ni." Kò wò mí lójú. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Alábàágbé bàbá náà ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ nínú ilé wa nìyẹn. Mo fa àpótí tí ẹ rà fún mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí i, mo kó aṣọ mẹ́rin sínú rẹ̀. Mo sì tún kó o jáde, nítorí mo ní n kò ní í sá fún ohun tí n kò fojú rí.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, ọkọ mi wá sí yàrá aṣọ lọ́sàn-án, ó ní wọ́n ń pè mí níwájú. Mo jáde, kò sẹ́ni tó pè mí. Kí n tó padà, jákẹ́ẹ̀tì kò sí lórí ìkọ́ mọ́. Mo tẹ̀ lé e, mo jìnnà sí i díẹ̀, àlùmọ́gàjí mi ṣì wà lọ́rùn mi nínú rìbọ́nnì tí mo fi máa ń so ó kọ́. A kọjá níwájú àwọn tó ń rán bàtà, a tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìwé kan lọ títí, ó sì yà sí ilé kékeré kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn ló ti yọ jákẹ́ẹ̀tì jáde nínú báàgì, ó wọ̀ ọ́, ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń pa iná, ó sì kànkùn. Màmá arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò lè gbàgbé ohun tí mo rí. Ọkọ mi jókòó síwájú màmá náà, tábìlì ló wà láàárín wọn, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí Atúnaagoṣe ti máa ń ṣe nínú eré. Màmá náà ń tẹjú mọ́ ọn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ní, "Ṣé ó pe orúkọ mi?" Ọkọ mi kò fèsì. Màmá tún ní, "Mo ń bi ọ́. Ṣé ó pè mí?" Ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè, mo rò pé nǹkan ti dé. N kò mọ ìgbà tí mo já wọlé tèmi ti àlùmọ́gàjí.

Ọkọ mi dìde, àga ṣubú. Òórùn káńfọ̀ kún yàrá náà. Màmá náà kò mira. Ó wo àlùmọ́gàjí, ó wo òrùka ọwọ́ mi, ó ní, "Ìyàwó rẹ rè é. Jókòó, ìyàwó. Àbí nínú wa, ta lo fẹ́ kọ́kọ́ gé?" Ojú tì mí débi pé mo kúnlẹ̀ kí i tèmi ti àlùmọ́gàjí lọ́wọ́.

Ìyá tíṣà ni. Ìyá obìnrin ìkẹta. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi bó ṣe rí, bí ọkọ mi ti ń gbé àga dìde. Àwọn onífíìmù kò ránṣẹ́ sí i rí. Ọkọ mi ló ka ìwé eré náà tó rí i pé bàtà Atúnaagoṣe gba ojú ewé méjì, obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì gba ẹyọ kan. Ìyẹn ló mú un wá ilé màmá kàn láti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣẹjọ́, àìsàn dá màmá dùbúlẹ̀, kò fojú kan ọkùnrin náà rí. Ó wá sọ fún ọkọ mi pé, "Bí o bá fẹ́ jẹ́ òun lójú gbogbo ayé, kọ́kọ́ jẹ́ òun lójú tèmi. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ." Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe ń wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí yóò jókòó, tí yóò gba èébú, tí yóò gba ìbéèrè, tí kò sì ní í fèsì, nítorí pé kò ní ìdáhùn tí kì í ṣe irọ́. Màmá ti mú un búra pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni ní ilé iṣẹ́ fíìmù, èmi náà sì wà lára wọn.

Mo béèrè aago. Màmá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní aago kò sọ nù rí. Ó dẹ́kun iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọ òun sì fi í sílẹ̀ sínú ife lórí tábìlì. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ fún ọlọ́pàá pé kì í rìn láìwọ̀ ọ́. Bí wọn kò ti rí i lára òkú, wọ́n ní apànìyàn ló gbà á. "Kò sẹ́ni tó bi mí," ni màmá wí. Ìgbà tó gbọ́ pé ọkọ mi ń kọ́ títún aago ṣe ló gbé e fún un pé kó tún un ṣe, ọkọ mi sì gbàgbé rẹ̀ sínú àpò jákẹ́ẹ̀tì. Màmá wá ní, "Àti pé ọmọ mi kò bá ti aago lọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni obìnrin kejì. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sọ nù ni ọmọ mi lọ béèrè. Ó sọ fún tíṣà kan pé ṣọ́ọ̀bù yẹn lòun ń lọ, ohun tí wọ́n fi rí ọkùnrin náà mú nìyẹn. Ọmọ mi ló mú un. Nínú fíìmù yín, ta ló mú un?" Mo wolẹ̀. Nínú fíìmù wa, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó dé fìlà ńlá ló mú un, tíṣà sì wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín nítorí pé Atúnaagoṣe yìn ín lẹ́wà. Màmá tún bi mí pé, "Irú aṣọ wo lo rán fún un?" Mo ní pupa ni, tó fún mọ́ ọn lára.  Ó ní, "Búlúù ló máa ń wọ̀. Àpò ńlá wà níwájú rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀kì."

Ọkọ mi lọ bá ọ̀gá tó ń darí eré. Màmá ti gbà kó sọ ọ́. Ọ̀gá ní, "Ẹlẹ́rìn-ín, ìwọ lo kọ ọ́ ni? Ẹni tó ń wò ó fẹ́ bẹ̀rù ni, kò fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́." Ó ní bí kò bá fẹ́ ṣe é, ọ̀pọ̀ wà níta tó lè rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi wálé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìbọ́ bàtà.  Lọ́jọ́ kejì mo tú aṣọ pupa náà látòkè délẹ̀, mo sì rán búlúù. Àǹtí Bọ́tìnnì rí mi, ó mọ̀ pé wọ́n lè lé àwa méjèèjì. Ó kó bọ́tìnnì sẹ́nu, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya ibi tí tíṣà ti wọ ṣọ́ọ̀bù, bí mo ti ń fi píìnì mú ìṣẹ́tí aṣọ fún òṣèrébìnrin náà ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ màmá fún un.  Wọ́n ké sí i. Ó wọlé, ó sì yẹ kó na ọwọ́ rẹ̀ jáde, kó rẹ́rìn-ín, kó ní kí ọkọ mi bá òun wo aago. Ọwọ́ rẹ̀ wọ àpò lọ. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì síbẹ̀, ààbọ̀ ṣọ́ọ̀kì, èyí tí wọ́n ti fi kọ̀wé. Ó mú un jáde, ó wò ó, ẹfun rẹ̀ kùn ún níka. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi wá síbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Níbo ló wà?" Ọkọ mi gbé ẹ̀rín yẹn wá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu, ó sì kú síbẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí káńtà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù Atúnaagoṣe tó bà mí gan-an, nítorí pé mo rí i pé ọkùnrin náà mọ̀ pé obìnrin yìí ti mú òun.

Ọ̀gá dá kámẹ́rà dúró. Ó bọ́ síta, a ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tó wọlé, ó ní, "Ta ló fi ṣọ́ọ̀kì sínú àpò?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Mo ti ń ronú ibi tí n óò ti wáṣẹ́. Ó wò mí, ó wo aṣọ búlúù náà, ó ní, "Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ, kó má lọ sọ nù lọ́la." Ẹ̀gbọ́n mi, mo kọ ọ́. Ìkọ̀wé mi kò tíì dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

N kò ní í sọ fún yín pé ìfura mi ti tán. Ọ̀gá ọlọ́pàá onífìlà ṣì wà nínú ìwé eré, wọ́n ní àwọn yóò tún ibẹ̀ wò, mo sì ń ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ti ọkọ mi, mo ti wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ọwọ́ tó tẹ́ sílẹ̀ kí ìyá tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lè rí ibi da ẹ̀hónú sí ni. Àpótí mi ti padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dípò kí n máa bọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ wá, kí ẹ kó àwọn ìbejì dání, kí ẹ fojú ara yín rí apànìyàn yín nígbà tó bá ń fọ abọ́.

Ọwọ́ tí ẹ fi ń gbẹ̀bí kò ní í ká láéláé. Ẹ ó dàgbà, àwọn ọmọ yín ni yóò sì sin yín, ilé yín kò ní í gbọ́ ìròyìn tó ń dá ènìyàn jókòó. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ọwọ́ ara yín wẹ̀ tí ẹ sì fi fọ́kọ,

Ìyàwó Ẹlẹ́rìn-ín.

Mo tún rántí: aago náà ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi tún un ṣe tán ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, láìwọ jákẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ fi rédíò yí i sí àkókò tó péye, màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un, nítorí bẹ́ẹ̀ lọmọ òun máa ń ṣe é, kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ má baà dé ilé ìwé ṣáájú rẹ̀.